Ọmọlángidi Dúdú, Ọmọlángidi Funfun: Ẹjọ́ Àwọn Ọmọ Clarendon

Ní ọdún ẹ̀kọ́ 1949 sí 1950, dọ́là 179 ni ìjọba ìbílẹ̀ Clarendon, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà, ń ná lórí ọmọ ilé ìwé kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ aláwọ̀ funfun. Dọ́là 43 ni ti ọmọ aláwọ̀ dúdú. Bọ́ọ̀sì 30 ló ń kó àwọn ọmọ òyìnbó lọ sílé ìwé; àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú, tí wọ́n sì pọ̀ jù wọ́n lọ, kò ní ẹyọ kan. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń rìn, tàwọn míì ń tó máìlì mẹ́sàn-án ní àlọ nìkan, bọ́ọ̀sì àwọn ẹgbẹ́ wọn á sì máa kọjá lára wọn lójú ọ̀nà.

Ọmọ tó bá ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ kò nílò ẹni tó máa là á yé e. Kó tó mọ ìwé kà ló ti mọ ipò tí wọ́n fi òun sí. Inú ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì yìí ni ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Briggs àti Elliott ti jáde, inú ẹjọ́ náà sì ni ìwádìí ọmọlángidi ti dé iwájú adájọ́. Ẹni tó bá ti gbọ́ nípa bí a ṣe ń tọ́ ọmọ aláwọ̀ dúdú kí ojú àwọ̀ rẹ̀ má bàa tì í, ó ṣeé ṣe kó ti gbọ́ ti ọmọlángidi: wọ́n gbé dúdú àti funfun síwájú ọmọ dúdú, ọmọ dúdú mú funfun. Ibẹ̀ ni wọ́n máa ń parí ìtàn náà sí. Àwọn òbí àwọn ọmọ ọ̀hún kì í sábà wọ inú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ lójú tèmi, ọ̀dọ̀ wọn gan-an ni ohun tí à ń wá wà.

Àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Levi Pearson ló kọ́kọ́ gbéra. Òun àti àwọn òbí mìíràn dá owó jọ, wọ́n ra bọ́ọ̀sì àlòkù kan, ṣùgbọ́n bó bá rìn lónìí, á dákú lọ́la. Wọ́n bẹ ìjọba pé kó tiẹ̀ bá àwọn ra epo sí i. Ìjọba ní rárá. Pearson bá pẹjọ́. Ní 1948, wọ́n da ẹjọ́ náà nù: wọ́n ní ilẹ̀ rẹ̀ wà lórí ààlà agbègbè ilé ìwé méjì, pé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti pẹjọ́ níbi tó ti pè é. Àwọn tó ń yá a lówó oko tẹ́lẹ̀ jáwọ́. Kò rí ẹni yá a ní ẹ̀rọ ìkórè. Irè oko rẹ̀ jẹrà sórí ilẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà ì bá kú síbẹ̀, bí kì í bá ṣe ti Joseph DeLaine, àlùfáà ìjọ AME (ìjọ Mẹ́tọ́díìsì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà) tó tún jẹ́ olùkọ́. Ó ń pe àwọn òbí jọ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń kó wọn mọ́ra. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1949, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ tuntun. Lọ́tẹ̀ yìí wọn ò béèrè bọ́ọ̀sì nìkan mọ́; wọ́n ní kí ilé ìwé, olùkọ́ àti ohun èlò dọ́gba fún ọmọ gbogbo. Orúkọ Harry Briggs ló ṣíwájú lára àwọn tó pẹjọ́. R. W. Elliott, alága ìgbìmọ̀ ilé ìwé, ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Harry Briggs ti bá àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà jagun rí. Ilé epo ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ní ọmọ márùn-ún. Nígbà tí Kérésìmesì ọdún náà ku ọ̀la, ọ̀gá rẹ̀ fún un ní páálí sìgá kan, ó ní ó dìgbóṣe. Eliza, ìyàwó rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ nílé ìtura kan. Wọ́n ní kí wọ́n yọ orúkọ kúrò nínú ìwé. Obìnrin náà kọ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ náà bọ́. Ní ti DeLaine, iná jó ilé rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá 1951. Àwọn panápaná dé ibẹ̀, wọ́n dúró, wọ́n ń wò ó, wọ́n ní ilé náà kò sí nínú ààlà ìlú.

Mo fẹ́ kí ẹni tó ń ka èyí ronú nípa àwọn ọmọ márùn-ún tó wà nílé Briggs ní Kérésìmesì yẹn. Owó ò sí. Wọ́n mọ ìdí tí owó ò fi sí. Wọ́n sì mọ̀ pé bàbá àti ìyá wọn lè gba owó náà padà bí wọ́n bá pa orúkọ wọn rẹ́, àti pé wọn ò pa á rẹ́. Kò sí olùkọ́ tó lè fi ìwàásù kọ́ ọmọ ní irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Àwọn ọmọ pàápàá kò sùn. Ní 1949 kan náà, kí àwọn òbí tó fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀, àwọn ọmọ kíláàsì àṣejáde ní Scott's Branch, ilé ìwé aláwọ̀ dúdú ní ìlú Summerton, kọ̀wé fẹ̀sùn kan ọ̀gá ilé ìwé wọn nítorí owó tí wọ́n dá tí wọn ò rí ohun tó fi ṣe. Ọ̀gá náà kúrò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí ilé ìwé yìí kan náà ni wọ́n gbé ọmọlángidi wá lẹ́yìn ọdún méjì.

Ta ló wá ni àwọn ọmọlángidi náà? Ọ̀pọ̀ èèyàn máa dárúkọ Kenneth Clark, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá tí wọ́n bí ní Panama, tó dàgbà ní Harlem, àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ní New York. Ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀, Mamie Phipps Clark, ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ọmọ dókítà ni, láti Hot Springs ní Arkansas. Ní 1938, nígbà tó jáde ní Yunifásítì Howard, ó ṣiṣẹ́ fúngbà díẹ̀ ní ọ́fíìsì agbẹjọ́rò William Houston ní Washington. Níbẹ̀ ló ti ń rí àwọn agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú, Thurgood Marshall wà lára wọn, tí wọ́n ń jókòó gbìmọ̀ bí wọ́n ṣe máa wó òfin ìyàsọ́tọ̀, èyí tó ya dúdú sọ́tọ̀ kúrò lára funfun. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló parí ìwádìí oyè másítà rẹ̀ lórí ìgbà tí ọmọ kékeré máa ń mọ̀ pé aláwọ̀ dúdú ni òun. Ọkọ rẹ̀ ló wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Ọmọlángidi mẹ́rin, ìlédìí nìkan ló wà nídìí wọn. Méjì funfun, irun wọn pupa rẹ́súrẹ́sú bí ti òyìnbó. Méjì búráùn, irun wọn dúdú. Yàtọ̀ sí àwọ̀ àti irun, kò sí ohun tí èèyàn lè fi dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Olùwádìí á ní kí ọmọ náà fún òun ní èyí tó wù ú láti fi ṣeré. Èyí tó dára. Èyí tí kò dáa lójú rẹ̀. Èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dára. Lẹ́yìn náà ni yóò ní kó mú èyí tó jọ ọmọ aláwọ̀ funfun, àti èyí tó jọ ọmọ aláwọ̀ dúdú. Ó wá kù ẹyọ kan, òun ni wọ́n fi parí rẹ̀: «Fún mi ní èyí tó jọ ọ́.»

Ìbéèrè yẹn le. Ọmọ ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ èyí tí kò dáa, ó ti nawọ́ sí i, kí wọ́n tó bi í pé èwo ló jọ òun fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tó ti pe ti búráùn ní òbúrẹ́wà àti adọ̀tí bú sẹ́kún gidi nígbà tí wọ́n dé orí ìbéèrè yìí. Ọmọ mìíràn, tí àwọ̀ rẹ̀ mọ́ díẹ̀, ṣàlàyé gan-an pé òyìnbó ni òun, pé oòrùn ló pa òun lára nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ọmọ 253 ni wọ́n ṣe é fún, láti ọmọ ọdún mẹ́ta dé méje: 134 láti Arkansas ní Gúúsù, níbi tí òfin ti ya ilé ìwé sọ́tọ̀, àti 119 láti Springfield ní ìpínlẹ̀ Massachusetts ní Àríwá, níbi tí dúdú àti funfun ti jọ ń jókòó ní kíláàsì kan. Nígbà tí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 1947, ìdá 67 nínú 100 ló mú funfun láti fi ṣeré; ìdá 59 ló ní búráùn ni kò dáa lójú.

Èsì wọ̀nyí ni Robert Carter, ọ̀kan lára àwọn agbẹjọ́rò àwọn òbí Clarendon, rí tó fi wá Kenneth Clark lọ. Àwọn kan lára àwọn agbẹjọ́rò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé àwàdà ni. Ọmọlángidi, nílé ẹjọ́? Marshall ló gbà pé kí wọ́n lò ó. Ní oṣù Karùn-ún 1951, Clark gbé àpótí ọmọlángidi rẹ̀, ó wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí South Carolina. Ó ṣe é fún ọmọ 16 ní Clarendon, ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́sàn-án. Mẹ́wàá ló fẹ́ràn funfun jù. Mọ́kànlá ló ní búráùn ló burú lójú. Méje nínú wọn, nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n mú èyí tó jọ wọ́n, funfun ni wọ́n mú.

Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Charleston ní ọjọ́ 28 oṣù náà, níwájú adájọ́ mẹ́ta. Kò pẹ́ tí agbẹjọ́rò ìjọba, Robert Figg, dìde tó gbà pé lóòótọ́ ni, ilé ìwé àwọn dúdú kò dọ́gba pẹ̀lú ti funfun, pé kí ilé ẹjọ́ fún ìjọba láyè kó tún un ṣe. Ọgbọ́n ńlá ni. Bí ọ̀rọ̀ bá jẹ́ ti bíríkì àti bọ́ọ̀sì nìkan, ẹjọ́ ti parí nìyẹn: ẹ máa lọ sílé, a máa kọ́lé fún yín. Ìjọba sì ṣe tán láti kọ́lé lóòótọ́. Gómìnà James Byrnes gbé owó orí ọjà kalẹ̀ fún un. Ibi tí ọmọlángidi ti wúlò nìyẹn. Ohun tí ẹ̀rí Clark túmọ̀ sí ni pé bí wọ́n bá tiẹ̀ fi góòlù ṣe òrùlé ilé ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyí, yíyà tí wọ́n yà wọ́n sọ́tọ̀ á ṣì máa wí nǹkan kan fún wọn lójoojúmọ́.

Adájọ́ méjì dá ìjọba láre. Ẹ̀kẹta, J. Waties Waring, ọmọ Charleston gan-an, kò gbà. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìyàsọ́tọ̀ fúnra rẹ̀ ni àìdọ́gba. Ẹjọ́ náà gòkè lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, wọ́n so ó pọ̀ mọ́ àwọn ẹjọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ láti Kansas, Virginia àti Delaware. Ní ọjọ́ 17 oṣù Karùn-ún 1954, adájọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán fohùn ṣọ̀kan. Earl Warren tó ka ìdájọ́ náà ní yíya àwọn ọmọ sọ́tọ̀ nítorí àwọ̀ ń mú kí wọ́n rò pé ipò àwọn rẹlẹ̀ láwùjọ, pé ó lè ba ọkàn àti èrò wọn jẹ́ lọ́nà tó lè má ṣeé tún ṣe láéláé. Nínú àkíyèsí kọkànlá ní ìsàlẹ̀ ìwé ìdájọ́ náà, orúkọ Kenneth Clark ló ṣíwájú.

Títí dé ibí, ìtàn náà dán. Ṣùgbọ́n ìṣirò kan wà nínú ìwádìí 1947 tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ọmọlángidi wàásù kì í kà síta. Nínú àwọn ọmọ Gúúsù, tí òfin yà sọ́tọ̀, ìdá 49 ló ní búráùn kò dáa lójú. Nínú àwọn ọmọ Àríwá, tí wọ́n ń bá òyìnbó jókòó ní kíláàsì, ìdá 71 ni. Àríwá ni àwọn ọmọ ti ń sunkún, tí àwọn míì ń sá jáde nínú yàrá. Ní Arkansas, àwọn ọmọ míì á rẹ́rìn-ín, wọ́n á nawọ́ sí ti búráùn, wọ́n á tiẹ̀ fi orúkọ èébú tí àwọn òyìnbó ń pè wọ́n pe ara wọn.

John W. Davis, agbẹjọ́rò South Carolina ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ, kò jẹ́ kí èyí bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ẹ ò rí i pé ìwádìí yín fúnra rẹ̀ tako yín? Èsì Clark ni pé ẹ̀rín àwọn ọmọ Gúúsù kì í ṣe ìlera, pé wọ́n ti gba kádàrá ni. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń fi èébú pe ara rẹ̀. Kò tẹ́ mi lọ́rùn fún gbogbo wọn. Ọmọ tí olùkọ́ rẹ̀ dúdú, tí àlùfáà rẹ̀ dúdú, tí aládùúgbò tó ń bá a wí dúdú, ní ẹni púpọ̀ tó lè wò ju ọmọlángidi lọ.

Àwọn olùwádìí ẹ̀yìn wọn tú ọ̀rọ̀ náà síwájú sí i. William Cross, aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá, ní nǹkan méjì ni wọ́n lọ̀ pọ̀: ohun tí ọmọ mọ̀ nípa ibi tí ayé to àwọ̀ rẹ̀ sí, àti bí ọmọ náà ṣe rí ara rẹ̀. Ọmọ lè mọ̀ dájú pé funfun ni ayé ń gbé lárugẹ, kó sì tún gbà pé òun fúnra òun dára. Morris Rosenberg àti Roberta Simmons ṣe ìwádìí láàárín àwọn ọmọ ilé ìwé ní Baltimore, èsì rẹ̀ sì jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú kò fojú kéré ara wọn ju àwọn ọmọ funfun lọ. Àwọn tó wà nílé ìwé tí dúdú pọ̀ sí tiẹ̀ fojú iyì wo ara wọn ju àwọn dúdú tó wà láàárín òyìnbó lọ. Èrò ìyá, olùkọ́ àti ọ̀rẹ́ ló ń wọ ọmọ lára. Ti òyìnbó tó wà lókèèrè kì í fi bẹ́ẹ̀ wọlé, àfi bí ẹni tó sún mọ́ ọmọ bá gbà á wọlé.

Ẹ má ṣì mí gbọ́. Èmi ò sọ pé kí òfin ìyàsọ́tọ̀ máa wà lọ. Ẹjọ́ náà tọ́, ó sì yẹ kí wọ́n jàre. Ohun tó dùn mí ni pé kí wọ́n tó lè jàre, wọ́n ní láti fi àwọn ọmọ Clarendon hàn gẹ́gẹ́ bí ọmọ tó ti bàjẹ́, níbi tí àwọn ọmọ kan náà àti àwọn òbí wọn ti ń ṣe ohun tí ẹni tó ti bàjẹ́ kò lè ṣe. Àwòrán ọmọ tó bàjẹ́ yẹn ló kù lọ́kàn ayé. Nígbà tí wọ́n wá ń so ilé ìwé pọ̀, ti dúdú ni wọ́n ń tì, ẹgbẹẹgbẹ̀rún olùkọ́ aláwọ̀ dúdú ní Gúúsù ló sì pàdánù iṣẹ́. Àṣé àwọn olùkọ́ yẹn wà lára oògùn. Ní Summerton, ìdájọ́ 1954 kò yí ohunkóhun padà ní kíláàsì títí di 1965. Nígbà tí ọmọ dúdú díẹ̀ wọ ilé ìwé funfun, àwọn òyìnbó kó ọmọ wọn lọ sílé ìwé aládàáni. Ọ̀pọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n torí wọn pẹjọ́ ti jáde ìwé nígbà náà. Harry Briggs ti fi ìlú sílẹ̀ lọ wá iṣẹ́. DeLaine ti sá lọ sí New York ní 1955, lẹ́yìn tí wọ́n jó ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, tí wọ́n yìnbọn sí ilé rẹ̀ tí òun náà sì yìnbọn padà.

Kí ló kàn wá nínú èyí? Irú Springfield yẹn ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa wà báyìí, ní London, ní Manchester, ní Houston, níbi tí ọmọ Yorùbá ti lè jẹ́ dúdú kan ṣoṣo ní kíláàsì. Òfin kò yà á sọ́tọ̀, ohun tó wà nínú ìṣirò 1947 sì ń bẹ níbẹ̀. Ilé pàápàá kò yọ sílẹ̀. Ní Èkó, Taofick Okoya bẹ̀rẹ̀ ọmọlángidi Queens of Africa, tó ní Wuraola tó jẹ́ ọmọ Yorùbá nínú. Ó ti sọ fún àwọn oníròyìn pé ọmọbìnrin òun fúnra òun ló wí fún òun pé ó wu òun láti jẹ́ òyìnbó. Ní Èkó ni o, níbi tí òyìnbó kò ti pọ̀.

Ó dára kí a ra ọmọlángidi dúdú. Ó rọrùn, ìyẹn náà ló fà á tí gbogbo èèyàn fi ń sáré sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń kí ọmọ rẹ̀ ní adúmáadán láàárọ̀, tó ń fi ìpara bóra lálẹ́, ojú ọmọ ló ń ṣe é. Bàbá tó jókòó síwájú olùkọ́, tó ní kí wọ́n má ṣe ìyọnu, kí wọ́n kàn máa pe Olúwaṣeun ní Shawn, ọmọ náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń gbọ́. Ọmọ ń wo ohun tí a lè fara dà nítorí rẹ̀ àti ohun tí a tètè máa ń jọ̀wọ́.

Mamie Clark fúnra rẹ̀ kò dúró sídìí ọmọlángidi. Ní 1946, ọdún márùn-ún kí ọkọ rẹ̀ tó lọ jẹ́rìí, dọ́là 946 tí wọ́n yá lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ Northside, ilé ìtọ́jú ọmọ ní Harlem. Àwọn òbí tó ń wá síbẹ̀ ń ráhùn pé ilé ìwé ti sọ pé ọpọlọ ọmọ àwọn kò pé, pé wọ́n fẹ́ gbé e lọ sí kíláàsì àwọn tí kò lè kàwé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í dán àwọn ọmọ náà wò fúnra rẹ̀. Ó rí i pé ọ̀pọ̀ wọn kò ní àbùkù kankan. Èsì yẹn ni wọ́n ń mú padà lọ bá ilé ìwé, wọ́n sì ń kọ́ àwọn tí ìwé kíkà ṣòro fún ní ìwé. Bí lẹ́tà irú èyí bá dé ilé ẹnikẹ́ni lára wa lónìí, láti ilé ìwé kan ní Peckham tàbí ní Dallas, kó béèrè ìdánwò tí wọ́n fi dé orí èsì wọn, kó wá ẹlòmíràn tó máa tún un ṣe, kí bàbá àti ìyá jọ lọ. Kí wọ́n sì mú ọmọ náà dání.